Alessandro Volta

Alessandro Giuseppe Antonio Anastasio Volta (18 Oṣù Kejì 1745 – 5 Oṣù Kẹta 1827) jẹ́ onímọ̀ físíksì àti kẹ́místrì ọmọ orílẹ̀-èdè Itálíà. Òun ni ó ṣe bátìrì àkọ́kọ́ tí ń mú iná mànàmáná jáde láìdáwọ́dúró. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ fóltì, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ipá bátìrì ti pọ̀ tó.

Ìlú Como ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà ni ó ti di olùkọ́ físíksì ní 1774. Ní 1776, ó rí gáàsì mẹ́táànì tí ń hó jáde láti inú irà etí adágún Maggiore. Lẹ́yìn náà ni Yunifásítì Pavia gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì pẹ́ níbẹ̀ tó nǹkan bí 40 ọdún. Ó fẹ́ Teresa Peregrini ní 1794, wọ́n sì bí ọmọkùnrin mẹ́ta.

Àríyànjiyàn ni ó bí bátìrì. Ní 1791, Luigi Galvani ti ìlú Bologna kéde pé ẹsẹ̀ òkú àkèré máa ń ta pọ́ún bí irin bá kàn án, ó sì gbà pé inú ẹran náà ni iná ti wá. Volta kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdánwò tirẹ̀ fi hàn án pé ìgbà tí irin méjì tí kò jọra bá pàdé ni ẹsẹ̀ náà ń ta jù. Ó ní àwọn irin ni orísun iná. (Galvani kò jẹ̀bi tán o, nítorí ara ohun alààyè náà ní iná tirẹ̀.) Láti fìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀, Volta yọ àkèré kúrò níbẹ̀ pátápátá: ó to síńkì àti fàdákà tàbí bàbà lé ara wọn, ó sì fi páálí tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sí àárín wọn.

Síńkì kan àti bàbà kan kì í mú ju nǹkan bíi fóltì kan wá, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń tò ó sí i ni ipá rẹ̀ ń ga sí i.  Volta fi ara rẹ̀ náà dán ipá yìí wò. Ó ti irin tí ó so mọ́ bátìrì bọ etí méjèèjì, ó gbọ́ ariwo bí ohun tí ń hó lórí iná, orí rẹ̀ sì mì jìgìjìgì. Ẹ̀rù bà á pé ó lè ba ọpọlọ jẹ́, kò sì dán an wò mọ́.

Ní 20 Oṣù Kẹta 1800, ó kọ lẹ́tà nípa iṣẹ́ náà sí Joseph Banks, ààrẹ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún kan náà, William Nicholson àti Anthony Carlisle fi irú bátìrì yìí pín omi sí gáàsì méjì. Napoleon wo ìdánwò rẹ̀ ní Párísì ní 1801, ó sì fi í jẹ oyè kọ́ǹtì ní 1810. Volta fẹ̀yìn tì ní 1819, ó sì kú ní 1827. Àpérò àgbáyé tí ó wáyé ní Párísì ní 1881 ni ó fọwọ́ sí orúkọ fóltì.

Títò tí Volta tò ó náà ni a ń tò ó títí di òní. Òkúta tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin tí ènìyàn rà ní ọjà Odò Orí ní Ìwó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 1.5, yóò di fóltì 6 bí a bá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Mẹ́rin irú èyí tí a ń gba iná sí, tí ó jẹ́ 1.2, yóò di 4.8. Àárín iye méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ servo ń fẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń yí ìdarí bàálù tàbí ọkọ̀ ìṣeré tí a ń fi rédíò darí. Bí ipá bá kéré jù, servo yóò máa falẹ̀, kò sì ní lágbára. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù méjì tí iná kún inú wọn ń mú fóltì 8.4 wá; bí a bá so ó tààrà mọ́ servo tí a kò ṣe fún irú ipá bẹ́ẹ̀, iná tí yóò gba inú rẹ̀ kọjá yóò pọ̀ jù, yóò gbóná, ó sì lè jó.