Samuel Johnson: Àlùfáà tó ní Kristẹni ni àwọn baba ńlá Yorùbá

Ọjà Ọba kọ́ ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń pe ọjà ńlá tó wà lábẹ́ òkè Mápó ní Ìbàdàn. Ìtàn ìlú náà fi yé ni pé Ọjà Ìbà ni, nítorí Ìbà Olúyọ̀lé, Baṣọ̀run tó jẹ́ olórí Ìbàdàn títí tó fi kú ní ọdún 1847. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, Ìbà di Ọba lẹ́nu àwọn èèyàn. Bí orúkọ ọjà tí wọ́n ń ná lójoojúmọ́ bá lè yí padà bẹ́ẹ̀, kí ni kí èèyàn ti wí nípa orúkọ àwọn tó ti kú láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn?

Irú ìbéèrè yìí ló gba ọkàn ọmọ kan tó dàgbà ní Kúdẹtì, àdúgbò tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ta ni Odùduwà gan-an? Ta ni Mọrèmi, ta sì ni ọmọ tó fi rúbọ? Ìdáhùn tó mú wá kò jọ ti ẹlòmíràn. Ó ní láti òkè ilẹ̀ Íjíbítì ni àwọn baba ńlá Yorùbá ti wá, pé Kristẹni àtijọ́ ni wọ́n, tàbí kẹ̀, wọ́n mọ nǹkan nípa ẹ̀sìn Kristi kí wọ́n tó gbàgbé rẹ̀. Ó tún ní ìtàn Màríà àti Jésù ló fara pamọ́ sínú ìtàn Mọrèmi. Ọmọ náà ni Àlùfáà Samuel Johnson.

Orúkọ òyìnbó ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ pọ́ńbélé ni baba tó bí i. Henry Johnson ni wọ́n ń pe baba náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Erugunjinmi sì ni orúkọ ilé rẹ̀. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni ìdílé náà ka ara wọn sí. Òwò ẹrú ló gbé baba yìí kúrò nílé tó fi di ará Sàró. Ìlú Hastings ní Sàró ni wọ́n ti bí Samuel, ní ọjọ́ 24, oṣù kẹfà, ọdún 1846. Ilé náà kún fún ọmọ tó mọ̀wé: Henry tó jẹ́ orúkọ baba rẹ̀ di Archdeacon, Nathaniel di àlùfáà, Obadiah sì di dókítà oníṣègùn òyìnbó.

Samuel kò ju ọmọ ọdún 11 lọ nígbà tí ọdún 1857 ń parí lọ, tí baba rẹ̀ kó gbogbo ilé wá sí Ìbàdàn láti bá David Hinderer ṣiṣẹ́ ìyìn rere. Ará Jámánì ni Hinderer, ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ti CMS ló rán an. Ó ti yọjú sí Ìbàdàn ní 1851, òun àti ìyàwó rẹ̀, Anna, sì wá fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì ní 1853. Ọ̀dọ̀ wọn ni Samuel gbé. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, tí ọ̀nà etíkun dí, ebi wọ ilé òyìnbó. Anna Hinderer bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé, títí kan agolo òfìfo, kí wọ́n lè rówó ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ yìí ló fojú ara wọn rí ohun tí ogun ń ṣe.

Láti 1863 sí 1865, Samuel wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ Bühler, ará Jámánì mìíràn. Ọdún 1866 ló padà sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí tíṣà. Wọ́n fi jẹ katikíìsì ní 1875, díákónì ní 1880, ó sì di àlùfáà kíkún ní 1888. Ìlú Ọ̀yọ́ ló ti lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀.

Kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ń jà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, òun ni Aláàfin Adéyẹmí rán pẹ̀lú lẹ́tà sí Gómìnà ní Èkó ní 1881. Ní 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ló ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín àwọn àgọ́ ogun, títí àwọn ọba àti ìjòyè fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 4, oṣù kẹfà ọdún náà. Ẹni tó bá ń bá ọba sọ̀rọ̀, tó ń bá ológun sọ̀rọ̀, kò ní ṣàìgbọ́ ìtàn.

Johnson kò sì jẹ́ kí ìtàn náà ṣòfò. Ó rí i pé àwọn àgbà ń kú lọ, pé ohun tí wọ́n mọ̀ ń bá wọn wọlẹ̀, àti pé àwọn ọmọ tó ń kàwé mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Róòmù ju ti ilẹ̀ baba wọn lọ. Ó lọ bá àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́. Ó jókòó ti David Kukomi, tó jẹ́ baba àgbà fún ìjọ Kristẹni Ìbàdàn. Ó gbọ́ tẹnu Josiah Oni, oníṣòwò tí kò bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn, ó sì gbọ́ ti Lagunju, Tìmì Ẹdẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn.

Ohun tí wọ́n sọ fún un nípa ìbẹ̀rẹ̀ Yorùbá ni pé Mẹ́kà ni wọ́n ti wá. Wọ́n ní Lámurúdu ni ọba níbẹ̀, Odùduwà sì ni àrẹ̀mọ rẹ̀. Odùduwà padà sídìí òrìṣà, ó sì fẹ́ sọ mọ́ṣáláṣí ńlá di ilé òrìṣà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Asara tó ń gbẹ́ ère. Ṣùgbọ́n ọmọ Asara, Buraima, kórìíra ère. Lọ́jọ́ tí àwọn ọkùnrin lọ ṣọdẹ, ó fi àáké fọ́ àwọn òrìṣà túútúú, ó wá fi àáké náà kọ́ ọrùn èyí tó tóbi jù. Èyí dá ogun sílẹ̀, wọ́n pa Lámurúdu, Odùduwà sì sá títí tó fi dé Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n tún ní àwọn Mùsùlùmí rán ọmọ ogun tẹ̀ lé e, wọ́n ṣẹ́gun wọn, wọ́n sì gba ìwé Kùránì kan lọ́wọ́ wọn. Ìwé yìí ni wọ́n fi pamọ́ sílé òrìṣà ní Ifẹ̀, tí wọ́n ń bọ, tí wọ́n ń pè ní Ìdì, ìyẹn ohun tí wọ́n dì.

Johnson kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìtàn náà léèrè ọ̀rọ̀. Ó ní Yorùbá kì í ṣe ìran Arábù, kò sì sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kò bọ́gbọ́n mu kí èèyàn sá fún ẹ̀sìn kan tán, kó wá máa foríbalẹ̀ fún ìwé ẹ̀sìn náà. Lójú tirẹ̀, Ìdì kò lè jẹ́ Kùránì. Ó gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ìwé Mímọ́ ti ìjọ Kọ́ptíìkì, ìyẹn ìjọ Kristẹni àtijọ́ ti ilẹ̀ Íjíbítì, tí ìtàn wọn ní Máàkù mímọ́ ló dá a sílẹ̀. Lámurúdu, ó ní Nímírọ́dù ni. Ó ní àwọn tó ń pìtàn nígbà tó yá ló fi Mẹ́kà rọ́pò ìlà oòrùn, nítorí àwọn Mùsùlùmí ti sọ orúkọ ìlú náà di ńlá.

Ó wá kan Mọrèmi. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé obìnrin yìí ló jẹ́ kí àwọn ọ̀tá tó ń fi koríko àti ìko bora mú òun lẹ́rú, kó lè mọ àṣírí wọn. Ó ti ṣèlérí fún odò Ẹ̀sìnmìrìn, nígbà tó sì ṣẹ́gun, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni odò béèrè. Ẹ̀là ni wọ́n ń pe ọmọ náà, tí àwọn kan mọ̀ sí Olúorogbo. Ìtàn tí Johnson gbọ́ sọ pé ọmọ náà kò kú tán. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ, ó dìde, ó fi koríko lọ́ okùn, ó sì gun un lọ sí ọ̀run, yóò sì padà wá lọ́jọ́ kan. Johnson ní ìtàn méjì inú Bíbélì ló lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn níbí: ti Jẹ́fútà tó fi ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́ nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́, àti ti Màríà Wúńdíá àti Ọmọ rẹ̀.

Kí ló fa irú èrò báyìí? Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe rí ní Ìbàdàn nígbà náà yóò lóye rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ gba Jésù gbọ́ ní Kúdẹtì jìyà lọ́wọ́ ará ilé wọn. Ẹni tó fi Ifá àti òrìṣà sílẹ̀, ẹni tó ta baba rẹ̀ nù ló jọ lójú ẹbí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀sìn Ìmàle ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílùú, ìtàn Mẹ́kà sì ń ti àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn pé àwọn ló padà sí ìpìlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Kristẹni ni ìran Odùduwà, a jẹ́ pé ẹni tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò di àlejò nílé baba rẹ̀. Ilé ló padà sí. Ohun tí Johnson ń wá kiri nìyẹn: kó jẹ́ Kristẹni, kó má sì sọ jíjẹ́ ọmọ Yorùbá nù.

Ìmọ̀ tó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ kò gbè é. Àwọn onímọ̀ èdè ti fi hàn pé inú agbo kan náà ni èdè Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀dó àti Núpé wà. Èdè Kọ́ptíìkì wà ní agbo mìíràn pátápátá, kódà Haúsá sún mọ́ ọn ju Yorùbá lọ. Johnson rò pé iṣẹ́ Íjíbítì ni àwọn ère Ifẹ̀ jọ. Ní 1938, wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde ní agboolé Wúnmọníje nílùú náà, ìwádìí sì fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ni, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Bákan náà, bí Nímírọ́dù inú Bíbélì bá ni Lámurúdu, ó ti pẹ́ jù ṣáájú Kristi kí àwọn tó bá a jagun tó lè jẹ́ Kristẹni.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ìtàn bíi ti Bíbélì lè gbà dé etí àwọn àgbà. Àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ti wà nílẹ̀ Yorùbá pẹ́ kí òyìnbó oníwàásù kankan tó dé. Kùránì sì mọ Nóà àti ìkún omi, ó mọ Èlíjà, ó mọ Màríà. Ìtàn Buraima tó fọ́ òrìṣà gan-an, ti Ànábì Ibrahim ni. Ó wà nínú Súrà kọkànlélógún. Ní ti Lámurúdu, Muhammad Bello ti Sókótó ti kọ ọ́ ní nǹkan bí 1812 pé ìran Kénáánì tó jẹ́ ti Nímírọ́dù ni Yorùbá. Johnson mọ̀ nípa ìwé náà, nítorí Clapperton ti mú apá kan rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Síbẹ̀, èrò Johnson kò tètè kú. Archdeacon Olumide Lucas kọ̀wé ní 1948 pé Íjíbítì ni ẹ̀sìn Yorùbá ti wá. Ní 1955, Saburi Biobaku náà sọ nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé apá Meroe, lẹ́bàá odò Náílì, ni orírun Yorùbá.

Ìwé Johnson fúnra rẹ̀ rí ìyà kó tó dé ọwọ́ àwọn òǹkàwé. Ọdún 1897 ló parí rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí ìlú London. Ibẹ̀ ló sọnù sí, kò sì rí i mọ́ títí tó fi kú ní ọjọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 1901. Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù jọ, ó tún ìwé náà kọ. Nígbà tó fi ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Appam, ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó ọdún méjì kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Obadiah kú ní 1920. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1921, ni ìwé jáde. Kò sí ìkankan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó fojú rí i.

Iṣẹ́ Johnson kò di òfo nítorí pé èrò rẹ̀ nípa Íjíbítì kò dúró. Ó ya ohun tí àwọn àgbà sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí òun rò, nítorí náà ẹni tó bá kọ èrò rẹ̀ ṣì lè mú ìtàn náà. Àwọn arọ́kin tó bá sọ̀rọ̀ ti kú, Kukomi ti kú, Tìmì Lagunju ti kú. Ẹni tó bá fẹ́ bá Johnson jiyàn lónìí lórí ẹni tí Odùduwà í ṣe, inú ìwé Johnson náà ni yóò kọ́kọ́ lọ wo ohun tí wọ́n sọ.