Ọba Toffa ti Àjàṣẹ́: Ó pe ọmọ ogun Faransé wá gbèjà rẹ̀, wọ́n dé, wọn ò lọ mọ́

Ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Gùn ń pè ní Hogbonu, tí ìwé ìjọba sì ń pè ní Porto-Novo, orúkọ Ọba Toffa kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn kan ní ọba tó gba ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ogun Dàhọ̀mì ni. Àwọn mìíràn ní òun gan-an ló ṣílẹ̀kùn fún Òyìnbó tó gba ilẹ̀ wa. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Toffa jọba lọ́dún 1874, ó wàjà lọ́dún 1908. Láàárín ọdún 34 yẹn ni ìlú àwọn ọba, láti etí òkun títí dé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, di ilẹ̀ kan ṣoṣo lábẹ́ ìjọba Faransé.

Títí di òní, ìjọba tí ogun bá ká mọ́ ṣì ń ránṣẹ́ pe ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ lè já sí, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àjàṣẹ́.

Ìjà ọmọ ilé kan náà

Ọmọ Ọba Sodji ni Toffa. Ìdílé ọba Àjàṣẹ́ àti ìdílé ọba Àgbómẹ̀, tó jẹ́ olú ìlú Dàhọ̀mì, orísun kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀, ìyẹn Allada. Àwọn ọmọ ọba tó ń du oyè níbẹ̀ ló pín yà. Ọ̀kan nínú wọn, Te-Agdanlin, ló wá tẹ ìjọba Hogbonu dó, níbi tí ìtàn sọ pé àwọn Yorùbá ti ń gbé ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, ogun tó wáyé láàárín Àgbómẹ̀ àti Àjàṣẹ́ lẹ́yìn náà, ìjà ẹbí ni.

Láyé Sodji ni Àjàṣẹ́ kọ́kọ́ mọ agbára ìbọn ńlá Òyìnbó. Lọ́dún 1861, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú náà láti orí omi. Ọdún yẹn kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Sodji rí i pé ọwọ́ wọn ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ló bá tọ Faransé lọ. Lọ́dún 1863, ó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n máa dáàbò bo ìlú òun. Faransé kò pẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, àmọ́ ọ̀nà ti là.

Nígbà tí Toffa fẹ́ gorí oyè, ìtàn sọ pé Glèlè, ọba Dàhọ̀mì, wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ yẹn kò tọ́jọ́. Ìlú epo pupa àti èkùrọ́ ni Àjàṣẹ́. Àwọn oníṣòwò láti Yúróòpù, àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé, àti àwọn Yorùbá ló ń ná ọjà rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó wà l'Ékòó fojú sí i láti ìlà oòrùn, Dàhọ̀mì ń wò ó láti apá kejì. Toffa ṣe bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Láàárín ọdún 1882 sí 1883, ó tún gba Faransé láyè, aṣojú wọn sì wá jókòó sí Àjàṣẹ́.

Ohun tí Toffa ń sá fún

Kí a tó dá Toffa lẹ́bi, ó yẹ ká rántí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Lọ́dún 1883, ọmọ ogun Glèlè já wọ Kétu nígbà tí àwọn jagunjagun ìlú kò sí nílé, wọ́n sì pa Alákétu Òjékú. Lọ́dún 1886 wọ́n tún padà wá. Odi ìlú àti ẹnubodè Àkábà Ìdènà kò gba àwọn èèyàn sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n sàga ti ìlú náà títí wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó àwọn èèyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Kétu di ahoro fún ọdún púpọ̀.

Lọ́dún 1889, ogun Dàhọ̀mì dé sí àwọn abúlé Toffa tó wà létí odò Wèmè. Ọba tó bá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kétu, tó tún ń rí èéfín lórí abúlé tirẹ̀, kò ní ṣàìwá ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́. Faransé ní ìbọn, wọ́n ní ọkọ̀ ogun, wọ́n sì ti wà nítòsí.

Àmọ́ lọ́dún 1889 yẹn kan náà, nǹkan mìíràn ń lọ lẹ́yìn Toffa. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó pín ilẹ̀ wa láàárín ara wọn. Kò sí ọba wa kankan níbẹ̀. Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Àgbádárìgì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fa ìlà náà dé òkè, Kétu bọ́ sí apá kan, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Kétu bọ́ sí apá kejì. Oníṣòwò tó ń gba ẹnubodè yẹn kọjá lónìí, tó ń sanwó fún kọ́sítọ́ọ̀mù, orí ìlà yẹn ló ń rìn.

Ogun ọdún 1890 àti 1892

Ní òpin ọdún 1889, Glèlè wàjà. Ọmọ rẹ̀, Kondo, gorí oyè, ó sì jẹ́ Béhanzin. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà láàárín òun àti Faransé. Èkíní ni Kutọ̀nù: Faransé ní ìwé tí wọ́n kọ lọ́dún 1868 àti 1878 fi ibẹ̀ fún àwọn, Dàhọ̀mì ní kò sí ọba tó ta ilẹ̀ baba rẹ̀. Èkejì ni Toffa, ẹbí tó fi àlejò ṣe odi.

Ní oṣù kejì ọdún 1890, ọmọ ogun Faransé gba Kutọ̀nù. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta, Dàhọ̀mì kọlù wọ́n níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, nítorí àwọn obìnrin ajagun Àgbómẹ̀ náà wà nínú ogun ọ̀hún. Wọn kò rí Kutọ̀nù gbà. Wọ́n wá kọjú sí Àjàṣẹ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, ọmọ ogun Faransé àti àwọn jagunjagun Toffa pàdé wọn ní Atchoukpa, nítòsí ìlú. Dàhọ̀mì padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ yẹn, ìpè tí Toffa pe Faransé jẹ́ fún un. Ohun tó dé bá Kétu kò dé bá Àjàṣẹ́.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá, àwọn méjèèjì ṣe àdéhùn àlàáfíà ní Ouidah. Faransé á di Kutọ̀nù mú, wọ́n á sì máa san 20,000 faransì fún Béhanzin lọ́dọọdún. Béhanzin á fi Àjàṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ààbò Faransé. Àdéhùn yìí kò pé ọdún méjì. Béhanzin ń ra ìbọn lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1892, àwọn èèyàn rẹ̀ yìnbọn sí ọkọ̀ Topaze lórí odò Wèmè, nígbà tí Victor Ballot, gómìnà Faransé, wà nínú rẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ń fẹ́ ogun ní Paris ń wá nìyẹn. Wọ́n rán Dodds, ọ̀gágun tí wọ́n bí ní Saint-Louis ní Senegal, pẹ̀lú ọmọ ogun tó lé ní 2,000. Ọmọ Áfíríkà bí tiwa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láti Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti gbéra, àwọn èèyàn Toffa sì wà lára àwọn tó ru ẹrù wọn. Wọ́n jà ní Dogba ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, wọ́n jà títí dé Cana. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1892, wọ́n wọ Àgbómẹ̀. Béhanzin ti dáná sun ààfin kó tó kúrò níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1894, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Martinique, lẹ́yìn náà sí Algeria, ibẹ̀ ló kú sí ní oṣù kejìlá ọdún 1906.

Ta ló jèrè?

Fún Kétu, ìṣubú Àgbómẹ̀ jẹ́ ìdáǹdè. Àwọn tó wà lẹ́rú padà wálé, wọ́n tún ìlú kọ́, Alákétu tuntun sì jẹ ní nǹkan bí ọdún 1894. Kò sẹ́ni tó lè fojú kéré ìyẹn. Àwọn tó bá sọ pé kò sí ire kankan nínú ogun Dodds, kí wọ́n bi ọmọ Kétu.

Àmọ́ ọ̀tá Toffa ti ṣubú, ọmọ ogun tó wá gbèjà rẹ̀ kò sì lọ. Faransé kó gbogbo ilẹ̀ náà pọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dàhọ̀mì. Lọ́dún 1900, Àjàṣẹ́ di olú ìlú ilẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ ọ̀tá rẹ̀ pè. Owó ibodè tó ń wọlé fún ọba tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ Òyìnbó, owó tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ ni ọba ń gbà. Lọ́dún 1899 wọ́n gbé owó orí kalẹ̀ fún gbogbo ìlú.

Ní Àgbómẹ̀, Agoli-Agbo, àbúrò Béhanzin tí Faransé fúnra wọn fi jọba lọ́dún 1894, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè lọ́dún 1900, wọ́n sì lé e lọ sí Gabon. Toffa kò rí irú ẹ̀sín yẹn. Ó kú sórí oyè. Ṣùgbọ́n nígbà tó wàjà lọ́dún 1908, Faransé kò gbà kí ọba mìíràn jẹ lẹ́yìn rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Olórí lásán, tí ń gba àṣẹ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba, ni wọ́n fi sípò ọmọ rẹ̀. Lọ́dún 1923, ọdún 15 lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀ láti san owó orí tí wọ́n fi kún. Ìjọba kó sójà wá bá wọn. Ìbọn tó dáàbò bo bàbá ló wá kọjú sí ọmọ.

Ẹ̀kọ́ fún ayé òní

Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1945 sọ pé orílẹ̀-èdè kan kò gbọdọ̀ fi ogun wọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Àmọ́ bí ìjọba ibẹ̀ bá fúnra rẹ̀ pè wọ́n, òfin fàyè gbà á. Ọ̀nà tí Toffa gbà yẹn ṣì wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, ìjọba Mali pe Faransé nígbà tí àwọn agbébọn ń bọ̀ láti àríwá. Àwọn èèyàn fi ayọ̀ gbà wọ́n, wọ́n ń ju àsíá Faransé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ọmọ ogun Faransé tó gbẹ̀yìn kúrò níbẹ̀, àárín ìjọba méjèèjì ti dàrú, ogun náà kò sì tíì parí.

Ti Gambia lọ́dún 2017 yàtọ̀ díẹ̀. Yahya Jammeh pàdánù ìbò, ó kọ̀ láti lọ. Ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dé ẹnubodè, àmọ́ àwọn ààrẹ Guinea àti Mauritania wọlé lọ bá a sọ̀rọ̀. Jammeh lọ, ogun kò bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ọ̀hún náà ṣì dúró níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ìlú kò jóná. Aládùúgbò ló sọ̀rọ̀, aládùúgbò náà ló dúró.

Àwọn bàbá wa ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àlàáfíà ayé kò ní dé nípa pé kí alágbára máa sáré kiri láti pa iná tí kì í ṣe tirẹ̀. Àárín aládùúgbò sí aládùúgbò, ẹbí sí ẹbí, ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì di dandan pé kí a pe àlejò, kí a kọ́kọ́ bá a sọ ọjọ́ tó máa lọ, iye tó máa gbà, àti ẹni tí àṣẹ ìlú máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ogun bá parí. Toffa kò rí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà.

Lónìí, ààfin àwọn ọba Àjàṣẹ́ ti di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń pè ní Honmè. Nínú ìlú kan náà, ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń jẹ́ orúkọ Victor Ballot tẹ́lẹ̀ ti ń jẹ́ Béhanzin báyìí. Àwọn ọmọ ìlú Toffa ló ń lọ síbẹ̀ kàwé. Èyí tó ṣòro fún ìbátan méjì yẹn nígbà ayé wọn, láti jókòó sínú ilé kan, ni àwọn ọmọ ọmọ wọn ń ṣe lójoojúmọ́.