Hattie McDaniel: Adúláwọ̀ Àkọ́kọ́ tí ó Gba Àmì-Ẹ̀yẹ Oscar

Nínú ìtàn eré orí fíìmù ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, agbára káká ni a fi lè rí òṣèrébìnrin adúláwọ̀ tí a yìn tí a sì tún bú tó Hattie McDaniel. Àwọn aláwọ̀ funfun ń pàtẹ́wọ́ fún un, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ó bá wọn jókòó. Àwọn adúláwọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í yangàn, síbẹ̀ àwọn kan nínú àwọn aṣáájú wọn gbà pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe ń ta epo sí aṣọ àlà gbogbo wọn. Kí ènìyàn tó dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí ó mọ ibi tí obìnrin náà ti ṣẹ̀ wá.

Ìlú Wichita ní ìpínlẹ̀ Kansas ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà. Ọdún 1893 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ fara mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1895 ni àwọn mìíràn kọ. Inú oko ẹrú ni Henry, bàbá rẹ̀, ti dàgbà. Ó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ jà nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ó sì fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ dé ibi pé ara rẹ̀ kò tún le bọ̀ sípò mọ́. Susan, ìyá rẹ̀, jẹ́ akọrin ìjọ. Hattie ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ mẹ́tàlá, ìṣẹ́ kò sì ṣe àjèjì sí ilé náà. Nígbà tí ó ṣì kéré ni wọ́n kó lọ sí ìpínlẹ̀ Colorado, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí ìlú Denver.

Denver ni ẹ̀bùn rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn sí gbangba. Ní ọdún 1910, nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó ké ewì níbi ìdíje ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó ń tako ọtí mímu, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí ó ń bá bàbá àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Otis àti Sam, kiri ìlú láti ṣeré. Ikú kò jẹ́ kí ó gbádùn ilé ọkọ: ọkọ àkọ́fẹ́ rẹ̀ kú ní ọdún 1915, Otis, tí ó jẹ́ ọpọlọ ẹgbẹ́ eré wọn, kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Láti ọdún 1920 ni ó ti ń kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ onílù George Morrison. Láàárín ọdún 1926 sí 1929, ó gbé àwọn orin kan jáde sínú àwo, èyí tí ó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ púpọ̀ nínú wọn.

Bí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ṣe dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 1929, eré tán. Ìlú Milwaukee ni ọ̀rọ̀ náà bá a sí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó rí ṣe níbẹ̀ ni ti olùtọ́jú ilé-ìyàgbẹ́ àwọn obìnrin ní ilé-fàájì kan tí àwọn aláwọ̀ funfun ń lọ. Ẹni tí ó ni ibẹ̀ lọ́ra láti jẹ́ kí ó gun orí ìtàgé, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fún un láyè lálẹ́ ọjọ́ kan, orin rẹ̀ mú àwọn ènìyàn lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di akọrin ibẹ̀.

Ní ọdún 1931, ó gba ìlú Los Angeles lọ, níbi tí Sam àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ṣáájú rẹ̀ dé. Sam bá a wá àyè lórí rédíò. Àwọn olùgbọ́ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà kéré, nítorí náà ó ṣì ń fọṣọ, ó ń gbálẹ̀ ilé onílé. Àwọn fíìmù àkọ́kọ́ tí ó kópa nínú wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Judge Priest, tí John Ford darí ní ọdún 1934, ni ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa bèèrè ẹni tí ó jẹ́. Ní ọdún 1935, nínú Alice Adams, ó ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ìdílé kan háyà fún oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kan nítorí kí wọ́n lè fara hàn bí olówó. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Ojú, ìrìn àti ìdákẹ́jẹ́ ni ó fi tú àṣírí gbogbo wọn, tí ẹni tí ń wòran fi mọ̀ pé ọmọ-ọ̀dọ̀ yìí nìkan ni kò tan ara rẹ̀ jẹ nínú ilé náà. Ọgbọ́n eré rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Gone with the Wind ni ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Fíìmù náà dá lórí ìwé Margaret Mitchell, ó sì fi oko ẹrú hàn bí ibi ìfẹ́ àti àlàáfíà, irọ́ tí kò ṣeé gbójú fò. Hattie ni ó ṣe Mammy, ẹrú tí ó tọ́ Scarlett dàgbà. Níbi tí ó ti ń fi ẹkún ròyìn ikú ọmọdé ilé náà fún Melanie bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn, ó gba fíìmù náà mọ́ àwọn olú òṣèré lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní ìlú Atlanta ní oṣù Kejìlá ọdún 1939, kò sí níbẹ̀: òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ìpínlẹ̀ Georgia kò gbà kí adúláwọ̀ bá aláwọ̀ funfun jókòó nínú ilé sinimá kan náà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1940, ó gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tí ó ṣe àtìlẹ́yìn fún olú òṣèré jù lọ. Olivia de Havilland, tí ó ṣe Melanie, wà lára àwọn tí ó fẹ̀yìn wọn balẹ̀. Ilé-ìtura Ambassador, níbi tí ayẹyẹ náà ti wáyé, kì í gba adúláwọ̀ lálejò; David Selznick tí ó ṣe fíìmù náà ní láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọlé, wọ́n sì gbé e sí tábìlì kékeré kan lẹ́bàá ògiri, níbi tí ó jìnnà sí àwọn tí wọ́n jọ ṣeré. Pátákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fún un, nítorí pé ère wúrà kò tíì tọ́ sí irú ipò bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Walter White, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ NAACP, kò yọ̀ mọ́ ọn. Ó ní ipa ọmọ-ọ̀dọ̀ tí Hattie àti àwọn bíi tirẹ̀ ń kó ń mú kí aláwọ̀ funfun máa fojú ẹrú wo adúláwọ̀. Èsì Hattie ni pé owó tí òun ń gbà láti ṣe bí ọmọ-ọ̀dọ̀ pọ̀ fíìfíì ju èyí tí òun ì bá gbà bí òun bá ń ṣe é ní tòótọ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ White nípa Hollywood, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kéré jù lágbára níbẹ̀ ni ó di ẹ̀bi rù. Hattie kọ́ ni ó ń kọ ìtàn wọ̀nyí, òun kọ́ ni ó ń náwó sí wọn.

Àwọn tí ó pè é ní ojo kì í sábà rántí ẹjọ́ Sugar Hill. Àdúgbò yìí wà ní Los Angeles, ìwé àdéhùn ilẹ̀ ibẹ̀ sì ka tita ilé fún adúláwọ̀ léèwọ̀. Hattie ra ilé ńlá síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Louise Beavers àti Ethel Waters, tí àwọn náà jẹ́ òṣèré. Àwọn aládùúgbò aláwọ̀ funfun pè wọ́n lẹ́jọ́ láti lé wọn jáde. Hattie kó àwọn adúláwọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn jọ sínú ilé rẹ̀, wọ́n sì gba agbẹjọ́rò Loren Miller. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, adájọ́ Thurmond Clarke da ẹjọ́ náà nù, ó ní ó tó gẹ́ẹ́ kí ilé-ẹjọ́ máa fi ẹ̀tọ́ tí àtúnṣe kẹrìnlá sí òfin orílẹ̀-èdè fún adúláwọ̀ dù wọ́n. Ní ọdún 1948, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé ilé-ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ fi ipá múni tẹ̀ lé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Miller wà lára àwọn agbẹjọ́rò tí ó ja ìjà náà dé ibẹ̀.

Láti ọdún 1947 ni ó ti jẹ́ olú òṣèré nínú Beulah lórí rédíò, kò sì gbà láti máa sọ Gẹ̀ẹ́sì dídàrú tí wọ́n máa ń fi ṣe adúláwọ̀ yẹ̀yẹ́. Ọdún 1951 ni ó bẹ̀rẹ̀ ti tẹlifíṣàn, ṣùgbọ́n àìsàn kò jẹ́ kí ó lọ jìnnà. Jẹjẹrẹ ọmú ni ó pa á ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1952, ní ilé ìtọ́jú àwọn òṣèré fíìmù ní Woodland Hills. Ọkọ mẹ́rin ni ó fẹ́, kò bí ọmọ kankan. Ó ti sọ ọ́ sílẹ̀ pé itẹ́ òkú Hollywood ni kí wọ́n sin òun sí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni ibẹ̀ nígbà náà kò gba òkú adúláwọ̀. Rosedale ni wọ́n sin ín sí. Ọdún 1999 ni àwọn tí ó wá ra itẹ́ òkú Hollywood tó gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ síbẹ̀ fún un. Ní ti àmì-ẹ̀yẹ Oscar, ọdún 1991 ni obìnrin adúláwọ̀ mìíràn, Whoopi Goldberg, tó gba òmíràn fún eré ṣíṣe.

Nínú ìwé ìpíngún rẹ̀, ó fi pátákó Oscar náà sílẹ̀ fún Yunifásítì Howard ní Washington. Ó wà níbẹ̀ fún ọdún díẹ̀ kí ó tó di àwátì, wọn kò sì rí i mọ́ títí di òní. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àjọ tí ó ń fúnni ní Oscar ṣe òmíràn, wọ́n sì gbé e lọ fún yunifásítì náà, níbi tí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ti gbà á sílé.