Jan Ingenhousz: Oníṣègùn tí ó Kojú Ṣọ̀pọ̀ná, tí ó sì Rí Iṣẹ́ Ìmọ́lẹ̀ Lára Ewé

Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa nínú ìjọ kò ní ṣàì rántí àrùn kan tí àwọn baba wa kì í fẹ́ dárúkọ. Ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pè é, tàbí Olóde, nítorí pé orúkọ rẹ̀ gan-an ń bà wọ́n lẹ́rù. Ṣọ̀pọ̀ná ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni Ọlọ́run lò kí ọjọ́ náà tó dé. Ọ̀kan nínú wọn ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó fi han aráyé pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ewé fi ń tún afẹ́fẹ́ tí à ń mí ṣe.

A bí Jan Ingenhousz ní ìlú Breda ní ilẹ̀ Hóláǹdì, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1730. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni àwọn ará ilé rẹ̀, ní àkókò tí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà, tí a kì í sì í fi Kátólíìkì sí ipò ìjọba. Ní Yunifásítì Leuven, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, ni ó ti gba oyè ìṣègùn ní ọdún 1753. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, oníṣègùn ọmọ ogun kan láti Skọ́tíláǹdì, John Pringle, bá àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá sí ẹ̀gbẹ́ Breda, ó sì di ọ̀rẹ́ baba rẹ̀. Ọ̀rẹ́ yìí ni ó ṣí ọ̀nà fún un. Nígbà tí baba rẹ̀ kú ní ọdún 1764, Ingenhousz kọjá sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Pringle ti di oníṣègùn ńlá.

Ní àkókò náà, nínú 100 ènìyàn tí ṣọ̀pọ̀ná bá mú, bí 20 sí 30 ni ó ń kú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yè ni ó fọ́ lójú, tàbí tí ojú wọn kún fún àpá. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà láti dènà rẹ̀: kí a mú ọyún díẹ̀ láti ara ẹni tí àrùn náà ṣe níwọ̀nba, kí a sì fi abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ sín in sí ara ẹni tí kò tíì ní in, bí ẹni sín gbẹ́rẹ́. Onítọ̀hún yóò ṣàìsàn díẹ̀, yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ṣọ̀pọ̀ná títí ayé rẹ̀. Ọgbọ́n yìí kò ti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó wá. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ Éṣíà, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n ní Áfíríkà. Ẹrú kan tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà, tí wọ́n sọ ní Onesimus, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, Àlùfáà Cotton Mather, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Àlùfáà náà sì gbèjà rẹ̀ nígbà tí ṣọ̀pọ̀ná wọ ìlú ní ọdún 1721, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ bínú sí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ní ewu nínú. Ẹnìkan tàbí ẹni méjì nínú 100 lè kú, ẹni tí a sì sín lè kó àrùn náà ran ará ilé rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi béèrè ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Ingenhousz kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ Thomas Dimsdale ní Hertfordshire. Nígbà tí àrùn náà ń jà ní abúlé níbẹ̀, ó wà lára àwọn tí ó sín gbẹ́rẹ́ fún bí 700 ènìyàn, iṣẹ́ náà sì yọrí sí rere.

Ní àkókò yìí, ọ̀fọ̀ ti gba ààfin ìlú Vienna kan. Ọmọ 16 ni Ọbabìnrin Maria Theresa ti ilẹ̀ Ọ́stríà bí. Ṣọ̀pọ̀ná pa ọmọkùnrin rẹ̀ kan ní ọdún 1761, ó pa ọmọbìnrin rẹ̀ kan ní 1762, ó sì pa ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní 1763. Ní ọdún 1767, ìyàwó kejì tí ọmọ rẹ̀ náà fẹ́ kú, ọmọbìnrin rẹ̀ mìíràn kú, àrùn náà sì dá ọbabìnrin fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ títí wọ́n fi gba Sákírámẹ́ǹtì ìkẹyìn fún un. Nígbà tí Ọlọ́run gbé e dìde, ó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún oníṣègùn. Pringle dárúkọ Ingenhousz.

Ẹ wo irú ẹrù tí a gbé lé ọkùnrin yìí lórí. Àjèjì ni, ẹni ọdún 37. Àwọn oníṣègùn kan ní Vienna kò fara mọ́ ọ̀nà náà rárá. Ìyá tí ó ti sin ọmọ mẹ́ta nítorí ṣọ̀pọ̀ná ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àwọn tí ó kù lé e lọ́wọ́, kí ó fi àrùn kan náà sí wọn lára. Bí ọ̀kan bá kú, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìfẹ́ Ọlọ́run ni. Wọn yóò sọ pé àjèjì ni ó pa á. Ó kọ́kọ́ sín àwọn ọmọ tálákà ìlú náà, a kò sì gbọdọ̀ fi èyí pamọ́: ọmọ àwọn tí kò ní ni a fi dán an wò kí ó tó kan ọmọ ọba. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1768, ó sín àwọn ọmọ ọbabìnrin méjì, Ferdinand àti Maximilian, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Gbogbo wọn yè. Ọbabìnrin pe ọmọ 65 nínú àwọn tí a kọ́kọ́ sín sí àsè ní ààfin Schönbrunn, òun fúnra rẹ̀ sì bu oúnjẹ fún wọn. Ó sọ Ingenhousz di oníṣègùn ààfin, ó sì fún un ní owó tí yóò máa gbà lọ́dọọdún títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ẹlòmíràn ìbá jókòó jẹ ọlá. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn mìíràn ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ní ọdún 1771, Joseph Priestley, ẹni tí ó jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìlú Leeds, fi ìgò bo àbẹ́là títí ó fi kú, ó sì fi ẹ̀ka ewéko míǹtì sínú afẹ́fẹ́ tí ó ti bàjẹ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àbẹ́là tún lè jó nínú rẹ̀. Ewéko ti tún afẹ́fẹ́ náà ṣe. Pringle yin iṣẹ́ yìí ní gbangba ní ọdún 1773, ọ̀rọ̀ náà sì wọ Ingenhousz lára. Àmọ́ ohun kan rú àwọn onímọ̀ lójú: nígbà mìíràn ewéko a tún afẹ́fẹ́ ṣe, nígbà mìíràn a sì bà á jẹ́. Kò sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1779, Ingenhousz gba ilé kan ní Southall, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ó ṣe àyẹ̀wò tí ó ju 500 lọ. Ó ri ewé sínú omi, ó gbé e sínú oòrùn, ó sì rí i tí àwọn hóró afẹ́fẹ́ kéékèèké ń jáde lára rẹ̀. Ó gbé e sínú òkùnkùn, wọ́n dáwọ́ dúró. Ó wádìí bóyá ooru ni ó fà á, ó sì rí i pé ooru láìsí ìmọ́lẹ̀ kò ṣe é. Ó yẹ gbòǹgbò, òdòdó àti èso wò, ó sì rí i pé ewé àti igi tútù nìkan, àwọn ibi tí ó ní àwọ̀ ewé, ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní òru, gbogbo ewéko ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ díẹ̀, bí ènìyàn ti ń ṣe nígbà tí ó bá ń mí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń tún ṣe ní ọ̀sán pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì. Afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde náà ni ọ́síjìn. Ní ọdún 1796, ó tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí jáde ni ewéko ti ń rí apá kan oúnjẹ tí ó fi ń kọ́ ara rẹ̀. Ohun tí a kò fẹ́ mọ́ ni ewé ń gbà, ohun tí a kò lè ṣe aláìní ni ó sì ń dá padà.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò rọrùn. Ó bá Priestley jà lórí ẹni tí ìyìn iṣẹ́ náà tọ́ sí. Ní ọdún 1788, ó kúrò ní Vienna, kò sì padà síbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, Agatha Maria, wà níbẹ̀. Nígbà tí Edward Jenner tẹ ìwé jáde ní ọdún 1798 pé àrùn kékeré kan tí ó ń mú màlúù lè dáàbò bo ènìyàn kúrò lọ́wọ́ ṣọ̀pọ̀ná láìsí ewu ọ̀nà àtijọ́, Ingenhousz kọ̀wé sí i láti tako ọ̀rọ̀ náà. Ó gbọ́ láti ẹnu oníṣègùn kan nípa àgbẹ̀ kan tí àrùn màlúù ti mú rí, tí ṣọ̀pọ̀ná sì tún mú. Ọkùnrin tí ó ṣe àyẹ̀wò 500 nítorí ewé gba ìròyìn ẹnìkan gbọ́ nítorí ọ̀nà tí ó ti fi gba ọlá. Jenner ni ó jàre. Ní ọdún 1840, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òpin sí gbẹ́rẹ́ àtijọ́, ọ̀nà tí Jenner là ni ó sì lé ṣọ̀pọ̀ná jáde kúrò ní ayé.

Ingenhousz kú ní ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án ọdún 1799 ní ilé Bowood ní Wiltshire, ilé kan náà tí Priestley ti rí ọ́síjìn ní ọdún 1774. A sin ín sí ìjọ St Mary ní ìlú Calne.

Ẹ̀yin ará, àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ingenhousz jàǹfààní ọgbọ́n Dimsdale àti ti Priestley, ó sì gòkè; nígbà tí ó kọ ti Jenner, ó ṣìnà. Ìwé Mímọ́ kọ́ wa láti dán ohun gbogbo wò, kí a sì di èyí tí ó dára mú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nìkan ni ó yẹ kí a dán wò, bí kò ṣe èrò tiwa pẹ̀lú, pàápàá èyí tí ó ti mú ọlá wá fún wa rí. Bí a bá jí ní òwúrọ̀ ọ̀la tí ìmọ́lẹ̀ sì bọ́ sára ewé ní àyíká ilé wa, ẹ jẹ́ kí a fi ọpẹ́ fún Ẹlẹ́dàá tí ó fi èémí wa síbẹ̀. Kí Ó má ṣe mú ọkàn ìrẹ̀lẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwa àgbà. Àmín.