Luigi Credaro: ọkùnrin tó sọ ẹrù ilé-ìwé kalẹ̀ lórí abúlé

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin tó wà ní kíláàsì kẹta bi mí pé ta ló ń san owó-oṣù tísà òun. Mo ní ìjọba ni. Ó tún béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí láti ayébáyé. Ẹnu mi wọhò. Ẹnjiníà ni mí, ìlú Torino yìí ni mo ti gba oyè kejì, ṣùgbọ́n mi ò mọ èsì ìbéèrè ọmọ kékeré. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn Luigi Credaro nìyẹn.

Kí n tó dé orí tiẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi díẹ̀. Tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n. Lọ́dún 1991, ìjọba ológun ní Nàìjíríà kó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ tiwa ò lówó. Oṣù mẹ́rin gbáko ni bàbá mi ò gba kọ́bọ̀. Oko ni wọ́n ń lọ láàárọ̀ kí wọ́n tó wá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọdún 1993 ni ìjọba àpapọ̀ tún ètò náà yí padà. Torí náà, nígbà tí mo ka ohun tí ojú àwọn tísà Ítálì rí láyé ọjọ́un, ó dà bíi pé ilé wa ni wọ́n ń sọ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1859, nígbà tí Torino ṣì jẹ́ olú-ìlú ìjọba Sardinia, mínísítà kan tó ń jẹ́ Gabrio Casati gbé òfin ẹ̀kọ́ jáde. Nígbà tí Ítálì di ọ̀kan ní 1861, òfin yìí kan gbogbo ilẹ̀ náà. Ó ní kí Comune kọ̀ọ̀kan ṣí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ fáwọn ọmọdé, kí Comune fúnra rẹ̀ sì san owó tísà. Lọ́dún 1877, òfin Coppino wá sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lọ sílé-ìwé. Òfin dára, àbí? Ṣùgbọ́n owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ìlú ńlá rí owó san. Abúlé orí òkè, tàbí ti gúúsù tí kò ní nǹkan kan, níbo ni yóò ti rí i? Lọ́dún 1861, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, bí márùndínlọ́gọ́rin ni kò mọ̀wé kà.

Irú abúlé orí òkè bẹ́ẹ̀ ni Credaro ti wá. Montagna in Valtellina, nítòsí Sondrio, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1860. Ó kàwé ní Yunifásítì Pavia, ó sì lọ sí Leipzig ní Jámánì, níbi tí Wilhelm Wundt ti ń kọ́ni. Nígbà tó padà, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Pavia, lẹ́yìn náà ní Róòmù. Ṣùgbọ́n kò jókòó ti ìwé nìkan. Ọdún 1895 ló wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nígbà táwọn tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dá ẹgbẹ́ gbogbogbòò sílẹ̀ ní 1901, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ẹjọ́ wọn: owó-oṣù tó kéré, tó sì ń pẹ́ kó tó dé, àti Comune tó lè lé tísà lọ bó ṣe wù ú.

Ọmọ Torino wa níbí, Edoardo Daneo, ló kọ́kọ́ gbé àbá òfin tuntun síwájú aṣòfin nígbà tó jẹ́ mínísítà. Ìjọba rẹ̀ ṣubú lọ́dún 1910. Credaro gba ipò náà, ó sì gbé àbá ọ̀hún rù. Ìjà wá lóríṣiríṣi. Àwọn kan ní ìjọba fẹ́ gba agbára lọ́wọ́ ìlú. Àwọn Kátólíìkì ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ yọ ẹ̀sìn kúrò nílé-ìwé. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1911, òfin náà jáde. Òfin Daneo-Credaro ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Kí ló ṣe? Ó gba ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ Comune, ó fi í sábẹ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ẹkùn, ìjọba sì gba owó tísà rù. Ó ṣètò owó yíyá fún kíkọ́ ilé-ìwé. Ó sì pàṣẹ pé kí Comune kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tí yóò máa fi oúnjẹ, aṣọ àti ìwé ran ọmọ tálákà lọ́wọ́. Nínú iṣẹ́ tèmi, bí omi ò bá dé ilé tó wà lókè, a kì í bá ẹni tó ń gbébẹ̀ jà. Orísun omi la máa ń lọ wò. Ohun tí Credaro ṣe gan-an nìyẹn.

Kò parí iṣẹ́ náà o. Àwọn ìlú ńlá bíi Torino àti Padova ṣì ń bójú tó ilé-ìwé tiwọn. Ó di 1933 kí ìjọba tó gba gbogbo rẹ̀. Ogun 1915 náà dá nǹkan dúró. Credaro fi ipò mínísítà sílẹ̀ ní 1914. Lọ́dún 1919, wọ́n rán an lọ ṣàkóso ilẹ̀ Trento àti Bolzano, tí Ítálì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ Austria. Kò fẹ́ fi agídí bá àwọn tó ń sọ èdè Jámánì lò. Àwọn Fásíìsì bínú sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1922, wọ́n ya wọ Bolzano, wọ́n gba ilé-ìwé èdè Jámánì kan níbẹ̀, wọ́n sì lé Credaro kúrò lórí oyè. Róòmù ló kú sí lọ́dún 1939.

Kí ni tiwa nínú ẹ̀? Lọ́dún 1955, Awólọ́wọ̀ fún wa ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, torí ó mọ ibi tí owó ti máa wá kó tó ṣí ilẹ̀kùn. Òfin UBE ti 2004 ní tirẹ̀ sọ pé ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó yẹn wà nílẹ̀ tí ìpínlẹ̀ kan ò lọ gbà á, táwọn ọmọ sì ń jókòó sórí ilẹ̀.

Níbí náà, ọwọ́ Comune ni oúnjẹ ilé-ìwé ṣì wà. Ẹ ò gbàgbé Lodi. Lọ́dún 2017, Comune ibẹ̀ ní káwọn òbí tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù mú ìwé wá láti ìlú wọn pé wọn ò ní ilé tàbí owó lọ́hùn-ún, kí wọ́n tó lè gba ẹ̀dínwó mensa. Àwọn ọmọ kan ń jẹun lọ́tọ̀ sí ẹgbẹ́ wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, ilé ẹjọ́ Milano ní ìyàsọ́tọ̀ ni, kí wọ́n yí i padà. Àwọn òbí tí kò dákẹ́ ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ìwé Comune bá dé, ẹ kà á. Ẹ ṣe ISEE yín lásìkò. Bí wọ́n bá pe ìpàdé òbí, ẹ lọ, kódà bí ẹnu yín ò bá tíì já gaara nínú Italiano. Mo ti wá rí èsì fún ọmọ mi báyìí: kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí tẹ́lẹ̀. Èèyàn ló jà fún un, bàbá àgbà rẹ̀ sì mọ bó ṣe ń rí nígbà tí kò bá sẹ́ni tó jà. Ó dìgbà kan ná.