Charles Steinmetz, Abuké tí ó Mú Ìṣirò Iná Rọrùn

Ọgbọ́n kì í wo ìdúró ènìyàn kí ó tó bá a gbé. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1865 ni a bí Steinmetz ní ìlú Breslau, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Prussia nígbà náà, tí a sì ń pè ní Wrocław ní ilẹ̀ Poland lónìí. Abuké ni, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti jẹ́. Ṣùgbọ́n ní yunifásítì ìlú rẹ̀, ìmọ̀ ìṣirò rẹ̀ ta ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ.

Nítorí pé ó ń bá àwọn sósíálísì kẹ́gbẹ́, ó sá kúrò nílùú ní ọdún 1888 kí ọwọ́ ìjọba má baà tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1889 ó wọ ọkọ̀ òkun dé New York. Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè rí ọkùnrin kúkúrú, abuké, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáradára, wọ́n fẹ́ dá a padà. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ rìn ni ó dúró fún un. Ibẹ̀ ni ó ti sọ ara rẹ̀ di Charles.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, iná tí ń wọ ilé wa kì í ṣàn sí apá kan ṣoṣo. Ìgbà 50 ni ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú iná yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ nígbà náà ni, ohun mẹ́ta tí ń bá a pàdé nínú wáyà sì ń da àwọn ẹnjiníà láàmú. Rẹ̀sísítọ̀ ń dín in kù, ṣùgbọ́n kì í mú un pẹ́. Kọ́ìlì, èyíinì ni wáyà tí a lọ́ yípo, a máa mú kí ó fi ìdámẹ́rin àlọ àti àbọ̀ kan pẹ́ lẹ́yìn agbára tí ń tì í. Kàpásítọ̀ ní tirẹ̀ a máa mú kí ó fi ìdámẹ́rin ṣáájú agbára náà. Nítorí náà, bí a bá so rẹ̀sísítọ̀ tí ìdínà rẹ̀ jẹ́ ohm 3 tẹ̀lé kọ́ìlì tí tirẹ̀ jẹ́ ohm 4, àpapọ̀ wọn kì í ṣe 7, 5 ni. Bí a bá sì so kàpásítọ̀ ohm 4 mọ́ wọn, òun àti kọ́ìlì yóò pa ara wọn rẹ́, 3 péré ni yóò kù.

Ìṣirò gígùn tí ó le koko ni wọ́n fi ń wá irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1893, ní àpéjọ àwọn onímọ̀ iná ní Chicago, Steinmetz fi ọ̀nà tí ó rọrùn hàn: kí a máa lo nọ́ńbà alápá méjì, apá kan fún rẹ̀sísítọ̀, apá kejì fún kọ́ìlì àti kàpásítọ̀, kí àmì àwọn méjèèjì yìí sì lòdì sí ara wọn. Báyìí ni iṣẹ́ ńlá di àròpọ̀ àti ìyọkúrò lásán. Arthur Kennelly pẹ̀lú kọ̀wé lórí irú ọ̀nà yìí ní ọdún kan náà, ṣùgbọ́n Steinmetz ni ó fi kọ́ àwọn ẹnjiníà títí ó fi mọ́ wọn lára.

Ó bá ilé-iṣẹ́ General Electric ṣiṣẹ́ ní Schenectady, ó sì di olùkọ́ àgbà ní Union College. Kò gbéyàwó, ó sọ Joseph Hayden di ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ ẹni yìí sì di ọmọ-ọmọ fún un. Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1923 ni ó kú.

Títí di òní, ẹni tí yóò bá di ẹnjiníà iná níbikíbi láyé, ọ̀nà tí abuké tí wọ́n fẹ́ dá padà ní ẹnu ibodè yìí là ni yóò tọ̀.