Dókítà Africanus Horton, Oníṣègùn Àwọn Ọmọ Ogun

Nígbà tí ọmọ tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wa bá wọ ọkọ̀ ní Ìlọra tàbí ní Fìdítì, tí ó kọrí sí Ìbàdàn láti lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè bóyá ọpọlọ ènìyàn dúdú lè gba ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ohun tí ó lé ní 160 ọdún sẹ́yìn, ìbéèrè tí àwọn aláṣẹ ń bèèrè ní gbangba nìyẹn. Nínú ìwé ìrántí ọdún yìí, ó wù wá láti sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè náà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1835 ni wọ́n bí James Horton ní abúlé Gloucester, nítòsí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ìgbò ni àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n ti kó wọn lẹ́rú kí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun. Irú ìgbàlà bẹ́ẹ̀ náà ni ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn wa dé Sàró nígbà tí ogun ń tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká. Àkú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama ti C.M.S. ní Freetown ni Horton lọ, ó sì ti ibẹ̀ wọ Fourah Bay, níbi tí Crowther ti wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ àlùfáà ni ó ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1855, ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀. Ibà ń pa àwọn òyìnbó oníṣègùn tí Ilé-iṣẹ́ Ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rán wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn aláṣẹ sì bẹ C.M.S. pé kí wọ́n yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú tí a lè kọ́ ní iṣẹ́ náà. Wọ́n yan mẹ́ta: Horton, Samuel Campbell, àti William Broughton Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá Campbell lára mu. Ó ṣàìsàn, ó padà sílé, ó sì kú. Àwọn méjì yòókù tẹ̀síwájú ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù. Davies gba oyè dókítà ní St Andrews, Horton sì gba tirẹ̀ ní Edinburgh ní ọdún 1859. Níbẹ̀ ni ó ti fi Africanus kún orúkọ rẹ̀, kí ó lè hàn sí gbogbo ẹni tí yóò ka ìwé rẹ̀ pé ọmọ Áfíríkà ni.

Ní ọdún kan náà, Ilé-iṣẹ́ Ogun fi í jẹ oyè ọ̀gá nínú ẹ̀ka ìṣègùn, wọ́n sì rán an lọ sí Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ àwọn odi etí òkun. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ènìyàn dúdú, òyìnbó sì ni àwọn ọ̀gá wọn. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú jókòó pẹ̀lú wọn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹgbẹ́.

Ní ọdún 1861, Horton kọ̀wé sí Ilé-iṣẹ́ Ogun. Kò bèèrè ìgbéga fún ara rẹ̀. Ohun tí ó bèèrè ni pé kí wọ́n tún yan àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà sí i, kí wọ́n sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ ìṣègùn. Àwọn aláṣẹ fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn òyìnbó oníṣègùn tí ó wà ní etí òkun. Àwọn wọ̀nyí fèsì pé òyìnbó kò ní fọkàn tán dókítà dúdú. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn náà.

Horton kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nínú ogun Àṣáńtì ti ọdún 1863 sí 1864, ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun. Wọ́n pàgọ́ sẹ́bàá odò Pra, wọ́n ń dúró de àṣẹ títí òjò fi dé. Ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, wọ́n sì padà sẹ́yìn láìbá ọ̀tá jà. Láti inú irú ìrírí bẹ́ẹ̀ ni Horton ti ń kọ̀wé. Ó kọ̀wé lórí ojú ọjọ́ àti àìsàn etí òkun ní ọdún 1867, ó sì kọ òmíràn lórí sòbìà ní ọdún 1868. Àwọn àgbà wa tí wọ́n mọ ìyà tí sòbìà fi jẹ ènìyàn ní àwọn abúlé ilẹ̀ Ọ̀yọ́ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni ó dáwọ́ lé. Òótọ́ ni pé òun pẹ̀lú rò, bí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ìgbà náà, pé afẹ́fẹ́ àbàtà ni ó ń fa ibà. Ó ti kú kí ìmọ̀ nípa ẹ̀fọn tó dé. Síbẹ̀, ó tẹnu mọ́ omi mímọ́, àyíká tí ó mọ́, àti fífa omi àbàtà gbẹ.

Ní ọdún 1868 náà ni ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn orílẹ̀-èdè àti ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde. Nínú rẹ̀ ni ó ti fèsì fún àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó tí ń sọ pé ẹ̀dá tí ó rẹlẹ̀ ni ènìyàn dúdú, tí ó sì ti ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn wa ṣe lè ṣèjọba ara wọn. Ó tún jáde lọ sí ogun Àṣáńtì ti ọdún 1873 sí 1874.

Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1880, ó ti di Surgeon-Major, ipò gíga nínú iṣẹ́ ìṣègùn ogun. Ó padà sí Freetown, ó dá báǹkì kan sílẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1883, ní ẹni ọdún 48. Ó fi ìpín kan nínú ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ láàárín ẹbí kò jẹ́ kí ìfẹ́ rẹ̀ ṣẹ bí ó ti pète rẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì kò tètè ṣí. Nígbà tí ìjọba dá ẹgbẹ́ oníṣègùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1902, òyìnbó nìkan ni wọ́n gbà. Ní ogun àgbáyé kejì, àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà wà lára àwọn tí ń gbé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ nínú igbó Bọ́mà. Ọdún 1948 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn sílẹ̀, níbi tí a ti lè kọ́ ìṣègùn nílé. Ọdún 1957 ni wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀, U.C.H.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ohun tí Horton bèèrè lọ́dún 1861 ni ẹ ń jẹ lónìí láìsan kọ́bọ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti jáde, tí Ọlọ́run ti gbé dé ipò, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè lọ́dún ayẹyẹ yìí: ta ni a ti kọ lẹ́tà kan fún? Ọmọ kan wà ní Afijió nísinsìnyí tí orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí owó ìwé rẹ̀ kò pé. Kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́ láti rántí rẹ̀.